Ẹ̀rọ Gìtá Bàbá Tíṣà: Ẹ Má Tíì Tanná Sí I O!

Lẹ́tà tí mo fẹ́ dáhùn lọ́sẹ̀ yìí kò fara jọ ti àtẹ̀yìnwá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ maṣíìnì ìránṣọ tí òwú rẹ̀ ń já, kì í sì í ṣe ti fíríìjì tí kò mú omi tutù mọ́. Tíṣà kan ni ó kọ ọ́, ó ní kí n má dárúkọ òun tàbí ìlú òun, mo sì ti gbà bẹ́ẹ̀.

Bàbá rẹ̀, tí ó di olóògbé lọ́dún tó kọjá, jẹ́ onígìtá jùjú nígbà èwe rẹ̀. Nínú yàrá bàbá náà ni àwọn ọmọ ti bá àpótí dúdú ńlá kan tí a fi aṣọ òkè bò. Ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn gìtá sókè ni, èyí tí àwọn òṣèré ń pè ní ámpílífáyà. Vox AC30 ni orúkọ rẹ̀, ọdún 1964 ni bàbá sì rà á ní Èkó. Tíṣà ní ó tó ọgbọ̀n ọdún tí ẹnikẹ́ni ti tanná sí i kẹ́yìn. Wọ́n fẹ́ ṣe ìrántí ọdún kan bàbá, ọmọ tíṣà tí ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì sì ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ẹ̀rọ yìí ni òun yóò fi ta gìtá fún bàbá àgbà òun lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó bi mí. Èkíní, ṣé òun lè kàn ti púlọ́ọ̀gì rẹ̀ bọ ara ògiri, kí òun wò ó bóyá yóò sọ̀rọ̀? Èkejì, ọkùnrin kan tí ń tún rédíò ṣe ládùúgbò wọn ní kò sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe irú fáàfù inú rẹ̀ mọ́ ní gbogbo ayé, pé kí tíṣà jẹ́ kí òun kó gbogbo inú rẹ̀ jáde, kí òun fi pátákó tàràǹsísítọ̀ tuntun sí i. Ó tilẹ̀ ní òun kò ní gba owó iṣẹ́, bí wọ́n bá ti lè fi àwọn ohun àtijọ́ inú rẹ̀ sílẹ̀ fún òun. (Ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn, a ó padà dé ibẹ̀.) Ẹ̀kẹta, ọmọ náà fẹ́ kí a ṣe é kí ó lè máa pariwo ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ìdáhùn mi sí èkíní kò gba àròjinlẹ̀: rárá o! Ẹ má ti ohunkóhun bọ ara ògiri. Bí ọmọ náà bá ti ń ṣe kìràkìtà lẹ́bàá àpótí náà, ẹ fi àbẹ gé púlọ́ọ̀gì kúrò lẹ́nu waya rẹ̀ nísinsìnyí, torí waya náà kò wúlò mọ́ bó ti wù kó rí. Ẹ̀rọ tí ó ti sùn fún ọgbọ̀n ọdún, a kì í fipá jí i. Bí ẹ bá tanná sí i lójijì, ó lè kọrin fún ìṣẹ́jú méjì tí gbogbo ilé yóò máa pàtẹ́wọ́, kí èéfín tó bẹ̀rẹ̀ sí yọ, kí tiráńsífọ́mà tí ẹ kò lè rí irú rẹ̀ rà lọ́jà sì jóná. Èyí tí ó sì burú ju ìyẹn lọ ni pé ara ọmọ tó di gìtá mú ni iná náà lè gbà kọjá.

Kí n tó wọnú iṣẹ́ lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àpótí náà jẹ́ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó lè máa rò pé igi lásán ni. Nígbà tí Túndé King àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ jùjú ní Èkó ní àwọn ọdún 1930, ohun èlò wọn kò pọ̀: bánjò, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ìlù jùjú pẹlẹbẹ nì, àti ohùn ẹnu. Ìlù ńlá kò lè wọ àárín wọn, nítorí bí gángan bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ta ni yóò tún gbọ́ bánjò? Ní nǹkan bí 1949 ni Àyìndé Bákàrè mú gìtá oníná mànàmáná wọ inú jùjú. Láti ìgbà náà ni àyè ti gba gángan àti àwọn ìlù mìíràn, nítorí okùn gìtá ti wá ní ohùn tí ó lè dojú kọ awọ. Bí ẹ bá rí onílù mẹ́wàá lẹ́yìn onígìtá kan lóde ìnáwó, irú àpótí báyìí ni ó bá wọn wá ìjókòó.

Ti bàbá tíṣà, ìlú Dartford ní ẹkùn Kent ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é, ní ilé iṣẹ́ Tom Jennings. Dick Denney ni ó ronú bí wọn yóò ti tò ó. AC15, tí agbára rẹ̀ jẹ́ wáàtì 15, ni wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní 1958. Nígbà tí àwọn òṣèré bíi The Shadows ń ṣeré ní gbọ̀ngàn ńláńlá tí igbe àwọn èwe ń bo gìtá wọn mọ́lẹ̀, wọ́n sọ agbára náà di ìlọ́po méjì, ìyẹn ni AC30 tó jáde ní 1959. Àwọn Beatles náà mú un lò láti 1962. Inú rẹ̀ ni fáàfù GZ34 kan wà, tí ń sọ iná tó ń lọ tó ń bọ̀ di iná tó ń lọ síwájú nìkan. EL84 mẹ́rin wà níbẹ̀ tí ń ṣe iṣẹ́ alágbára, pẹ̀lú àwọn kéékèèké tí púpọ̀ wọn jẹ́ ECC83. Sípíkà oní-ínṣì 12 méjì ló wà níwájú.

Fáàfù fúnra rẹ̀ kò ju ìgò tí a fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde lọ. Iná kékeré kan ń mú ọ̀pá àárín rẹ̀ gbóná, tí iná fi ń fò láti ara ọ̀pá náà lọ bá àwo irin tí ó yí i ká. Láàrín àwọn méjèèjì ni waya kan wà tó rí bí asẹ́, tí ó dúró bí oníbodè. Ohùn tín-ín-rín tó ti ara okùn gìtá wá ni ó ń pàṣẹ fún oníbodè yìí pé kí ó ṣí, kí ó sé, iná ńlá sì ń tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá wá fi agbára ta gìtá ju bí ẹ̀rọ náà ti lè gbé lọ, ohùn rẹ̀ kì í já lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń há, bí ohùn akéwì tó ti kéwì mọ́jú. Ohun tí àwọn onígìtá ń wá káàkiri ayé nìyẹn, òun ni ó sì mú kí ẹ̀rọ 1964 tí ó pé pérépéré lè tà ju ẹgbẹ̀rún kan pọ́n-ùn lọ ní ìlú òyìnbó lónìí.

Ohun kan wà nínú lẹ́tà tíṣà tí ó kọ bí àwàdà, ṣùgbọ́n tí èmi kò lè fi rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bàbá òun máa ń sọ pé ẹ̀rọ náà a máa já ènìyàn jẹ: bí bàbá bá di gìtá mú, tí ètè rẹ̀ sì kan máíkì, nǹkan á ta á lẹ́nu. Ó ní wọ́n tilẹ̀ lọ wádìí lọ́dọ̀ àwọn àgbà, torí wọ́n rò pé ẹgbẹ́ olórin mìíràn ló fi nǹkan sí i.

Kò sí ẹni tó fi nǹkan sí i. Waya ilẹ̀ ni kò sí níbẹ̀, tàbí tí ó ti já. Okùn gìtá so mọ́ ṣáásì ẹ̀rọ, ìyẹn páànù irin tí wọ́n to gbogbo iṣẹ́ inú rẹ̀ lé. Bí ṣáásì yìí kò bá so mọ́ ilẹ̀, iná díẹ̀díẹ̀ tí ń jò láti ara tiráńsífọ́mà yóò wà lórí rẹ̀, kò ní rí ọ̀nà lọ. Bí onígìtá bá wá fi ẹnu kan máíkì tí ó so mọ́ ẹ̀rọ mìíràn tí ó ní waya ilẹ̀, ara onítọ̀hún ti di afárá. Bí iná tó ń jò bá kéré, á ta á lásán. Bí ó bá jẹ́ pé ojú waya iná gan-an ló já tí ó fara kan ṣáásì, ikú ni. Ní ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún ọdún 1972, ní Swansea ní ilẹ̀ Wales, Leslie Harvey, onígìtá ẹgbẹ́ Stone the Crows, fọwọ́ kan máíkì tí waya ilẹ̀ rẹ̀ kò dára lójú àwọn èrò ìwòran. Iná gbé e, ó sì kú. Ọmọ ọdún 27 ni.

Nítorí náà waya ni a ó fi bẹ̀rẹ̀. Bí waya tí ẹ̀rọ náà bá wá láti Dartford bá ṣì wà lára rẹ̀, pupa ni ti iná, dúdú ni èyí tí iná ń gbà padà, àwọ̀ ewé ni ti ilẹ̀. Ní nǹkan bí 1970 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì yí àwọ̀ padà: tòde òní, àwọ̀ ilẹ̀ pupa bíi kòkó ni ti iná, búlúù ni ìpadà, àwọ̀ ewé tó ní ìlà ìyeyè lára ni ti ilẹ̀. Ọmọ ayé òde òní tó bá rí dúdú àti pupa lè fi wọ́n sí òdì. Ṣùgbọ́n rọ́bà waya tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ti gbẹ. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, yóò fọ́ bí ẹ̀kúrú tó ti sùn. Ẹ yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, kí ẹ fi waya olójú mẹ́ta tuntun sí i. Kí waya ilẹ̀ ní bóòtù àti nọ́ọ̀tì tirẹ̀ lára ṣáásì, kí ó má bá ohunkóhun mìíràn pín in. Kí ẹ sì jẹ́ kí ó gùn díẹ̀ ju àwọn méjì yòókù lọ, tó fi jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá fi ẹsẹ̀ kọ́ waya tí ó já, òun ni yóò já gbẹ̀yìn. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni kí ẹ lò, kí fíúsì inú rẹ̀ jẹ́ 3, kì í ṣe 13 tí wọ́n máa ń tà mọ́ ọn. Kí ẹ sì rí i dájú pé ilé fúnra rẹ̀ ní irin ilẹ̀, torí mo mọ ilé púpọ̀ tí ihò kẹta ara sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn jẹ́ ọ̀ṣọ́ lásán.

Ó wá kan ṣíṣí inú rẹ̀. Ẹ fi fóònù ya àwòrán gbogbo ibẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí ẹ lè mọ ibi tí waya kọ̀ọ̀kan ti wá.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa, torí òun ni ó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu: ẹ̀rọ yìí lè pa ènìyàn nígbà tí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ wà nílẹ̀. Àwọn kàpásítọ̀ ńlá inú rẹ̀ dà bí ìkòkò omi. Wọ́n ń gba iná pamọ́, wọ́n sì ń bù ú jáde níwọ̀ntúnwọ̀nsì, iná náà sì ju fólítì 300 lọ. Ó lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti pa ẹ̀rọ tí ẹ ti lọ jẹun tí ẹ ti dé. Lónìí tí ẹ̀rọ náà ti wà ní pípa fún ọgbọ̀n ọdún, kò lè sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ẹ bá ti tanná sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ohun tí ẹ ó máa ṣe kí ẹ tó tún fọwọ́ kàn án nìyí: ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ mú rèsísítọ̀ alára ńlá kan, bí óòmù 2,200, tí ẹ ti jó waya tí rọ́bà rẹ̀ nípọn mọ́ ẹnu rẹ̀ méjèèjì, ẹ fi ìdí kan há ṣáásì, kí ẹ fi ìdí kejì kan ojú àfikún kàpásítọ̀, kí ẹ ka ení títí dé ogún. Lẹ́yìn náà ẹ fi mítà wò ó. Bí ó bá ṣẹ́kù ju 5 lọ, ẹ tún un ṣe. Àwọn kan máa ń fi irin síkírúdiráfà gba á, kí ó dún pàù, kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ má bá wọn rín in.

Ọwọ́ òsì yín ńkọ́? Ẹ fi sápò. Iná tí ó bá gba ọwọ́ kan wọlé tí ó sì gba ọwọ́ kejì jáde, àyà ni ojú ọ̀nà rẹ̀. Ẹ wọ bàtà onírọ́bà, kí ẹ má sì dá nìkan ṣe iṣẹ́ náà nínú ilé. Bí tíṣà kò bá tíì fọwọ́ kan irú iṣẹ́ yìí rí, kí ó wá ẹni tó ti mọ rédíò onífáàfù tẹ́lẹ̀, kí ó jókòó tì í, kí ó sì mú ìwé ìròhìn yìí dání.

Kí ni a ó pààrọ̀, kí ni a ó fi sílẹ̀? Níbí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ba nǹkan jẹ́. Àwọn kàpásítọ̀ tó rí bí agolo, tí wọ́n ní ojú àfikún àti ojú àyọkúrò, ti di òkú. Omi oògùn inú wọn ti gbẹ, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ tí a lè bẹ̀ wọ́n. Ẹ pààrọ̀ gbogbo wọn. Kí fólítì tí a kọ sára tuntun má kéré sí ti àtijọ́. 450 tàbí 500 dára fún àwọn tó wà lójú iná ńlá. Ṣùgbọ́n kí ẹ má rò pé bí ó bá ti tóbi tó ni yóò ti dára tó. Àwọn tó ṣe GZ34 ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kàpásítọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju máíkírófáràdì 60 lọ. Ẹni tó bá fi 100 sí i, fáàfù náà ni yóò fi dí i.

Àwọn kàpásítọ̀ kéékèèké tí ń gbé ohùn láti fáàfù kan sí èkejì, ẹ má yọ wọ́n kúrò nítorí ọjọ́ orí. Àwọn ni wọ́n mọ ohùn bàbá. Ẹ dán wọn wò: ẹ yọ EL84 mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ fi àwọn fáàfù yòókù sílẹ̀, ẹ tanná, kí ẹ fi mítà wo ẹsẹ̀ 2 níbi ìjókòó EL84 kọ̀ọ̀kan. Òdo ni ó yẹ kí ó kà. Bí ó bá ka 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kàpásítọ̀ tó wà níwájú rẹ̀ ń jò, ẹ pààrọ̀ ìyẹn nìkan. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, yóò ṣí oníbodè gbayawu, àwo irin inú EL84 yóò sì pọ́n bí ẹ̀yinná, yóò sì mú tiráńsífọ́mà lọ pẹ̀lú ara rẹ̀. Bákan náà ni kí ẹ wọn àwọn rèsísítọ̀. Èyí tí kò bá tíì kúrò púpọ̀ lórí iye tí a kọ sára rẹ̀, ẹ jẹ́ kó jókòó. Ohunkóhun tí ẹ bá sì yọ, ẹ kó o sínú ọ̀rá kan, kí ẹ dì í mọ́ inú àpótí náà.

Títan iná àkọ́kọ́ ní ọgbọ́n tirẹ̀. Àwọn àgbà tí ń tún rédíò ṣe mọ̀ ọ́n: ẹ so gílóòbù wáàtì 100 sójú ọ̀nà waya iná, tí iná yóò fi gba inú gílóòbù náà kọjá kí ó tó dé ẹ̀rọ. Gílóòbù aláyé àtijọ́ tí ó ní òwú tó ń gbóná ni kí ó jẹ́, kì í ṣe ti ìsinsìnyí tí kì í gbóná. Ẹ yọ gbogbo fáàfù. Ẹ wo bọ́tìnì tí a fi ń yan fólítì lẹ́yìn ẹ̀rọ, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti 115 dé 245, kí ẹ fi í sí 245. Ẹ tanná. Bí gílóòbù bá ṣẹ́jú tí ó sì di bàìbàì, tiráńsífọ́mà iná yè. Bí ó bá tàn rokoṣo tí kò dín, nǹkan ti dà pọ̀ nínú lọ́hùn-ún. Ẹ pa á kíá. Lẹ́yìn èyí ni ẹ óò máa dá fáàfù padà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí EL84 bá wọlé, sípíkà gbọ́dọ̀ ti wà ní síso, torí ẹ̀rọ onífáàfù tí a tanná sí láìsí sípíkà lè jó tiráńsífọ́mà ohùn rẹ̀. Gílóòbù yóò tàn díẹ̀ nígbà náà. Kò burú, ẹ̀rọ náà ń jẹun ni.

Ẹ jẹ́ ká dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ní wọn kò ṣe fáàfù mọ́. Wọ́n ń ṣe é. Ilé iṣẹ́ JJ ní ìlú Čadca ní ilẹ̀ Slovakia ń ṣe é, wọ́n ń ṣe é ní Rọ́ṣíà, wọ́n sì ń ṣe é ní Ṣáínà. Bí ẹ bá ń béèrè, ẹ mọ̀ pé EL84 ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní 6BQ5, ECC83 ni 12AX7, GZ34 sì ni 5AR4. Ọmọ ìyá ni wọ́n, orúkọ ló yàtọ̀. N kò bú ọkùnrin náà. Ó lè jẹ́ pé kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun yóò ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ kí ẹ ṣáà fi inú ẹ̀rọ sílẹ̀ fún òun, ẹ̀yin ọlọ́jà tó ń ka ìwé yìí, ẹ bá mi sọ fún tíṣà ohun tó wà nídìí ọjà bẹ́ẹ̀. Tiráńsífọ́mà méjèèjì àti sípíkà méjèèjì ni owó wà. Bí fáàfù àtijọ́ inú rẹ̀ bá sì jẹ́ Mullard tí wọ́n ṣe ní Blackburn, tí wọ́n sì ṣì lágbára, ìyẹn náà jẹ́ owó. Lẹ́yìn tí ó bá kó wọn lọ, páálí dúdú àti aṣọ iwájú ni yóò kù fún yín, pẹ̀lú pátákó tí yóò máa dún bí rédíò ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Mo gbà pé a lè yí ẹ̀rọ padà o. Àwọn Jennings fúnra wọn yí i: ní nǹkan bí 1961 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀ka kan kún un lẹ́yìn, tí wọ́n pè ní Top Boost, pẹ̀lú ECC83 kan sí i, nítorí àwọn onígìtá ní ohùn rẹ̀ kò mú tó. Ohun tí mo ń wò ni bóyá a lè tú àyípadà náà láìsí àpá. Kí ẹnikẹ́ni má lu ihò tuntun sára ṣáásì náà.

Ìyípadà kan wà tí mo máa ń ṣe fún AC30, ẹ̀yin tíṣà ẹ mú bírò. EL84 mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ń gba inú rèsísítọ̀ kan lọ sí ilẹ̀, óòmù 47. Ká ní mítà ka fólítì 10 lórí rẹ̀. 10 tí a pín sí 47 jẹ́ 0.213, tí a bá pín ìyẹn sí mẹ́rin, fáàfù kọ̀ọ̀kan ń mu 0.053. Bí iná orí àwo irin bá jẹ́ 310, ẹ sọ wọ́n di ìsọdipúpọ̀: ó lé ní wáàtì 16. Bí a bá tilẹ̀ yọ ìwọ̀nba tí ẹsẹ̀ 9 ń gbà kúrò, ó ṣì ju 14 lọ. Wáàtì 12 sì ni àwọn tó ṣe EL84 ní kí ó má kọjá! Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ yìí fi ń gbóná bí ààrò, tí fáàfù rẹ̀ kì í sì í pẹ́. Mo máa ń fi 82 rọ́pò 47, èyí tí ara rẹ̀ lè gba wáàtì 10. Iná tí fáàfù ń mu á dín, ohùn kò yàtọ̀ tó ohun tí ẹnikẹ́ni yóò mọ̀ lóde ìnáwó. Bí ẹni kan bá fẹ́ 47 padà lọ́la, lẹ́ẹ̀dì méjì péré ni yóò jó. Mo tún máa ń fi fíúsì kékeré kan sójú ọ̀nà iná ńlá. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń yọ GZ34 tí wọ́n ń fi dáyóòdù rọ́pò rẹ̀ nítorí pé kò wọ́n, n kò bá wọn lọ. Fólítì á gòkè sí i, ẹ sì ti rí i pé àwọn EL84 ti ń ru ju ẹrù wọn lọ tẹ́lẹ̀.

Ó ku ti ọmọ tó fẹ́ ariwo. Sọ fún un pé etí kì í ṣe ìṣirò bí òǹkà. Bí a bá sọ wáàtì 30 di 60, díẹ̀ ni etí yóò fi gbọ́ ọ jù. Kí etí tó gbọ́ ohùn bí ìlọ́po méjì, agbára ní láti di bí ìlọ́po mẹ́wàá. Inú àpótí yìí kò gbà á. Kí ó gbé máíkì kan síwájú sípíkà, kí ẹ̀rọ ńlá ti ṣọ́ọ̀ṣì gbé e fún gbogbo èrò. Bí àwọn òṣèré ṣe ń ṣe é níbi gbogbo lónìí nìyẹn, kò sì ná wọn ní kọ́bọ̀.

Bí mo ti mọ ìnáwó wa, jẹnẹrétọ̀ ni ẹ ó lò lọ́jọ́ ìrántí náà. Ẹ fi mítà wo ohun tó ń mú wá kí ẹ tó so ẹ̀rọ mọ́ ọn. Bí ó bá ju 245 lọ, ẹ má so ó. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í sábà ní waya ilẹ̀, nítorí náà kí ẹ̀rọ gìtá àti ẹ̀rọ máíkì mu iná láti ara pátákó sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà, kí waya ilẹ̀ àwọn méjèèjì lè so pọ̀, kí ọmọ má tún di afárá bí bàbá àgbà rẹ̀. Kí ẹ sì fi mítà kàn án láti ara okùn gìtá dé ara irin máíkì kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹnu sún mọ́ ọn. Òdo, tàbí ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo, ni mo fẹ́ kí ẹ rí.

Ọjọ́ náà ku ọ̀sẹ̀ méje, bí tíṣà ti kọ ọ́. Kàpásítọ̀ àti waya kò ní gbà ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Fáàfù tí a ó ránṣẹ́ rà lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, nítorí náà kí ẹ má rà á títí ẹ ó fi mọ èyí tó kú. Ẹ kọ́kọ́ fi gílóòbù dán tiráńsífọ́mà iná wò lọ́sẹ̀ yìí, pẹ̀lú waya tuntun, kí gbogbo fáàfù wà nílẹ̀. Kí ẹ kọ ohun tí gílóòbù ṣe ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú nọ́ńbà tí ẹ bá rí lára tiráńsífọ́mà méjèèjì àti lẹ́yìn àwọn sípíkà.